Ẹ kọ́kọ́ mú aago tí ẹ máa padà: èsì fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o, akọ̀wé wa. Ẹ ní igba ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, ẹ fẹ́ kúrò nínú ìwé lẹ́jà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, onímọ̀ràn kan sì wá fi àwòrán òkè oníyìnyín kọ́ yín. Ẹ̀ ń bèèrè bóyá ẹ̀kọ́ kankan wà níbẹ̀, àti oṣù mélòó ló yẹ kí iṣẹ́ náà gbà.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí nínú àwòrán. Ẹni tó di àsíá mú ní téńté òkè ni wọ́n máa ń fi hàn yín, wọn a ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tó bá di ti òkè gígun, ẹnu àáké gan-an là ń wò. Ẹni tó dé téńté ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà ni. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kú, torí ó ti rẹ̀ wọ́n, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Ẹ wo òkè Everest, òkè tó ga jù láyé, ní May 10, 1996. Amọ̀nà méjì, Rob Hall, ará New Zealand, àti Scott Fischer, ará Amẹ́ríkà, kó àwọn oníbàárà tó sanwó fún wọn gbéra lóru láti ibùdó tó ga tó nǹkan bí 7,900 mítà. Hall ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: aago kan ọ̀sán, tó bá pẹ́ tán aago méjì, ẹni tí kò bá tíì dé téńté gbọ́dọ̀ yí padà. Ọ́síjìn inú ìgò tí wọ́n ń mí símú níye wákàtí tó lè gbà. Àmọ́ wọn kò tíì so okùn sí àwọn ibi tó le, èèyàn tó lé ní 30 sì tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń dúró. Mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà Hall wo aago ní nǹkan bí 11:30 àárọ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n padà, wọ́n sì yè. Doug Hansen, tí Hall ti dá padà nítòsí téńté lọ́dún 1995, dé ibẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Hall dúró dè é. Ìjì dé. Hall, Hansen àti Fischer kò padà dé ibùdó mọ́. Èèyàn mẹ́jọ ló kú nínú ìjì yẹn, lápá gúúsù àti àríwá òkè náà.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n mọ aago. Ṣùgbọ́n Hall ti kìlọ̀ fáwọn oníbàárà pé òun kò ní gba àríyànjiyàn lórí òkè. Nínú ikọ̀ Fischer, Neal Beidleman, amọ̀nà kẹta, rí i pé ọjọ́ ti ń lọ, àmọ́ ó ka ara rẹ̀ sí ọmọ ẹ̀yìn tí kò tó sọ̀rọ̀. Àṣẹ láti dá ìrìn dúró kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gòkè lọ. Nínú ẹgbẹ́ yín, alága nìyẹn, tàbí ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ gbé àṣẹ náà fún akápò, tàbí ẹni tó ń kọ páàsìbúùkù lójoojúmọ́, kí ó sì wọ ìwé ìpàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: "Bí owó inú kọ̀ǹpútà àti ti lẹ́jà kò bá dọ́gba ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́jà la máa fi sanwó." Ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó máa kéde rẹ̀. "Tó bá yá, a ó wò ó" kì í ṣe aago. Ẹ má sì sún un síwájú torí pé owó ti wọlé sórí iṣẹ́ náà.

Ní ti oṣù mélòó tí ẹ bèèrè, ara kì í gba ìkánjú. Ní 5,500 mítà, ọ́síjìn tí èèyàn ń mí símú kò ju ìdajì ti etí òkun lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gba ìwọ̀ oòrùn gun Kilimanjaro, òkè ńlá ilẹ̀ Tanzania, fi ń dé ibi tí wọ́n ń pè ní Lava Tower, ní nǹkan bí 4,600 mítà, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní ibùdó Barranco, ní nǹkan bí 3,900. Bí wọ́n bá ti kọjá 3,000, ibi tí wọ́n máa sùn kò gbọ́dọ̀ fi 500 mítà lé ti àná, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn tó ń ta ìrìn ọjọ́ márùn-ún fún ẹni tí kò gun òkè rí mọ èyí, wọ́n ṣì ń tà á. Inú ń bí mi sí wọn! Ẹ̀yin ẹ fi ogún ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ tiwọn síbi méjèèjì, ẹ padà sórí lẹ́jà nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan láti tún àṣìṣe ṣe, kí ẹ tó fi ọgọ́ta mìíràn kún wọn. Ẹni tó lọ́ra jù, ẹ̀yìn amọ̀nà gan-an ni wọ́n ń fi sí, wọn kì í fi í sí ìdí ìlà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì torí àwòrán yẹn fẹ́ lọ gun Kilimanjaro, ẹ ní kí ó má fi agídí borí ẹ̀fọ́rí. Kí ó rìn lórí ìlà tó tọ́, gìgísẹ̀ kan mọ́ orí ìka ẹsẹ̀ kejì. Bó bá ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó, ọpọlọ rẹ̀ ló ń wú. Kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru náà, kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ẹ̀dà fáìlì lálaalẹ́, jẹnẹrétọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ ti mọ ìyẹn. Àwọn lẹ́jà àtijọ́, ẹ tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn fún alákàrà kí wọ́n tó yẹ ìwé owó ọdún wò tán.