Èsì: Ìbọ̀wọ́ nídìí dírílì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ ní ṣé kí àwọn ọmọ SS2 yín ní Ọ̀fà máa wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bá ń lo dírílì orí tábìlì. Rárá o! Tí bíìtì, ìyẹn irin ẹnu dírílì tó ń yí láti lu ihò, bá fi lè gbá etí ìbọ̀wọ́ mú, tọwọ́tọwọ́ ló máa wé e. Kí àwọn ọmọbìnrin ki etí híjàábù bọ inú ẹ̀wù, kí gbogbo wọn ká apá aṣọ sókè. Awò tó ń dáàbò bo ojú ni kò gbọdọ̀ máà sí. Irin tí wọ́n fẹ́ lu ihò sí, fáìsì, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń fún nǹkan mọ́ ojú kan, ni kó dì í mú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni iná wa yìí. Iná lọ, ọmọ ò pa súìṣì, ó fọwọ́ síbẹ̀, ó ń tú bíìtì. Kò pẹ́, àwọn tó wà níta ti ń pariwo pé iná ti dé! Bí iná bá ti lọ, kí wọ́n pa súìṣì, kí wọ́n yọ wáyà lára ògiri. Súìṣì kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ṣiṣẹ́ padà tí iná bá dé. Ẹ ní kí oníná bá yín fi í sí i.

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń de bíìtì ńkọ́? Ẹ máa yọ ọ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, torí ó lè fò jáde.