Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyé Kóòṣì: Jẹ́sì Tí Kò Dọ̀tí

Ọ̀kún o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ọ̀kan wá láti Ìsánlú, ọ̀kan láti Mọ̀pà, ìkẹta láti Ẹ̀gbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Ìyé Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 12. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin kan ní Kàbà. Gbogbo Sátidé ni mò ń san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti gbá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ pápá, kò sì pé ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi kóòṣì wọn, ó ní, "Màmá, ife là ń wá." Bàbá rẹ̀ ní kí n mú un kúrò, pé ṣebí òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe ti obìnrin. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Títí, Ìsánlú

Ìdáhùn: Ìyá Títí, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá bàbá ọmọ lóhùn, nítorí bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀, ìyókù kò ní wọlé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní Rabat, Mòrókò ti gbá gólù 2 sínú àwọ̀n Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, àwa ò tíì rí ẹyọ kan. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìkẹyìn, ó ti di 3 sí 2, ife ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá sì ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Jennifer Echegini tó gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé, orí bẹ́ǹṣì ló ti dìde. Bàbá Títí, obìnrin ni gbogbo wọn, ọmọ ẹnìkan sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ife. Èmi náà ti wá ife rí. Lọ́dún kan, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní eré ìdárayá, ẹgbẹ́ mi dé àṣekágbá ìdíje àwọn ilé-ìwé. Mo ní ọmọ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ọmọ ọdún 11. Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wọ̀ wá, ó ki àkísà síwájú rẹ̀ kí ó má baà máa bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, pápá di ẹrẹ̀ pupa. A ti fi gólù 3 ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú 15. Ọmọ yìí ń wò mí. Ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó so ó, ó tún tú u. Mi ò fi í wọlé. Mo ń bẹ̀rù pé kí àwọn alátakò wa má baà rí ọ̀nà gba ibi tó wà dé ojú ilé wa.

A gba ife. Nígbà tí mo ń gba jẹ́sì padà, gbogbo rẹ̀ ló pọ́n bí amọ̀, àfi tirẹ̀, tó funfun bí ìgbà tí mo mú un jáde nínú páálí. Ó ti ká a dáadáa. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Lọ́jọ́ Ajé, kò wá sí pápá. Kò wá mọ́. Ta ní mọ ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ì bá dà? Èmi ni mi ò jẹ́ ká mọ̀. Ife náà ti dípẹtà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Jẹ́sì yẹn ni mò ń rántí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí ọmọbìnrin má fẹ́ borí. A ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní "fi sílẹ̀ fún un" tó. Ó yẹ kí wọ́n mọ bí a ṣe ń du bọ́ọ̀lù, kí ó sì dùn wọ́n dọ́kàn nígbà tí wọ́n bá pàdánù. Ohun tí mo kọ̀ ni kí àgbàlagbà fi ọmọ méje tó tètè ga gba ife, kí ó wá pe ìyẹn ní ọmọ kíkọ́. Ọmọ ọdún 12 tó ti ń bàlágà máa ń sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Tó bá fi máa di ọdún 16, àwọn yòókù á ti bá a. Nígbà náà, ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù rọ̀ sílẹ̀, tó ti gbé ojú sókè wo pápá kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni ẹ ó máa rí. Bí Títí bá lọ dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn Confluence Queens, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó wà ní Lọ́kọ́ja, lọ́jọ́ iwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa wò, wọn ò ní ka ife tó gbà ní kékeré.

Kóòṣì kò sì lè sọ pé òfin ló dè é lọ́wọ́. Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fàyè gbà á nínú eré àwọn ọmọdé pé kí ẹni tí wọ́n yọ tún padà wọlé, bí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá ti fọwọ́ sí i. Ó lè máa pààrọ̀ àwọn ọmọ bí ó ṣe wù ú.

Ẹ má tíì mú un kúrò. Ẹ lọ jókòó níbi ìgbáradì wọn lọ́jọ́ kan, kì í ṣe níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ Títí kan bọ́ọ̀lù láàárín ìdajì wákàtí. Bí ọmọ 20 bá tò sórí ìlà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan, tí oníkálukú ń dúró kí ó kàn án, owó ọkọ̀ yín ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín ara wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, tí kóòṣì ń pe ọmọ yín lórúkọ, tó ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú. Nọ́ńbà 4 ni ti ọmọ ọdún 8 sí 12. Nọ́ńbà 5 àwọn àgbà ti tóbi jù fún ẹsẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe kóòṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ. Ẹ má bi í pé kí ló dé tí ọmọ mi kì í wọlé. Ẹ bi í pé, "Kí ló kù tí Títí ní láti mọ̀ kó tó lè gbá ìdajì eré?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn lójú ẹsẹ̀: ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tíì mọ nǹkan, tàbí ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ kíkankíkan. Èyí tí kò bá rí nǹkan kan sọ, kò wo ọmọ yín rárá láti oṣù mẹ́fà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ mú un kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe kúrò nídìí bọ́ọ̀lù.

Ìbéèrè: Mà, àbúrò mi obìnrin wà ní Maryland ní Amẹ́ríkà. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní lacrosse, owó gọbọi sì ni wọ́n ń san fún kíláàbù. Kíláàbù ńlá kan tó ń gba ife káàkiri fẹ́ gbà á, àmọ́ ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n máa fi í sí. Àbúrò mi ń bẹ̀rù pé bí ọmọ kò bá lọ, yunifásítì kankan ò ní rí i. — Adé, Mọ̀pà

Ìdáhùn: Adé, bá mi kí àbúrò rẹ. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní lacrosse rí, ṣùgbọ́n mo jókòó wò ó dáadáa nígbà tí mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ tuntun ní Baltimore. Eré àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni, àwọn Haudenosaunee àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé bá wọn. Igi tó ní àwọ̀n lórí ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, òun náà ni wọ́n fi ń jù ú tí wọ́n fi ń hán an. Ní ti àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ẹni 12 ló wà níhà kọ̀ọ̀kan, wọn kì í fi ara kọlu ara bí ti ọkùnrin, wọ́n sì máa ń wọ awò tó ń dáàbò bo ojú. Ó máa padà sí Olympics ní Los Angeles lọ́dún 2028, ẹni 6 sí ẹni 6.

Ní ti yunifásítì, kí àbúrò rẹ fi ọkàn balẹ̀. Láti ọdún 2017 ni òfin ti wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpele àkọ́kọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, pé kóòṣì wọn kò gbọdọ̀ bá ọmọ dá ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sílẹ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún tó bá wọ kíláàsì 11, bí SS2 tiwa. Kí òfin náà tó dé, àwọn ọmọ kíláàsì 8 àti 9 ni wọ́n ti ń ṣèlérí fún. Ọmọ ọdún 13 ṣì ní ọdún mélòó kan níwájú, ẹni tó bá ní kó sáré báyìí, owó ló ń wá.

Ohun kan ni kí ó béèrè lọ́wọ́ kíláàbù ńlá yẹn: ta ló ń kọ́ ẹgbẹ́ kejì? Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ kìíní ló ní kóòṣì gidi, tí ẹgbẹ́ kejì kàn ń san owó tí wọ́n fi ń gbé ẹgbẹ́ kìíní lọ síbi ìdíje, kí ọmọ dúró síbi tó ti ń wọ pápá.

Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé ọmọ mi ní Baltimore, ọmọbìnrin kan máa ń wá ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́, òun nìkan. Ó máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é títí, kò ní jábọ́. Tó bá bọ́ sí ọwọ́ òsì, bọ́ọ̀lù á máa yí lọ sábẹ́ mọ́tò, á sáré lọ mú un, á tún jù ú. Nígbà tí mo fi máa padà sílé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mi ò rí i kó sáré lọ sábẹ́ mọ́tò mọ́. Bá mi bi ọmọ àbúrò rẹ pé báwo ni ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, mà. Aṣọ́lé ni mí, ọmọ ọdún 14. Kóòṣì wa ní kí n sọ pé ọmọ ọdún 12 ni mí kí n lè gbá nínú ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 13 lọ. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe é. — Ẹ fi orúkọ mi pamọ́, Ẹ̀gbẹ̀

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má ṣe é. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 12, gíga rẹ ni wàá fi máa mú bọ́ọ̀lù tó yẹ kí o fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀. Bó o bá wá bá àwọn ojúgbà rẹ pàdé, ẹsẹ̀ yẹn kò ní mọ ibi tó ń lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣọ́lé ọmọ ọdún 12 gidi kan wà nínú ẹgbẹ́ yín tí wàá lé sórí bẹ́ǹṣì.

Fi lẹ́tà yìí han ìyá rẹ, kí òun lọ bá kóòṣì sọ ọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ tìrẹ. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé ọ, kọ̀wé sí mi padà kíákíá. Mo mọ pápá méjì tí wọ́n ti ń wá aṣọ́lé ọmọ ọdún 14, 14 náà ni wọ́n á sì kọ sílẹ̀.