Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Aṣòfin Tí Ọ̀rọ̀ Ìlera àti Iṣẹ́ Ń Ká Lára

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí ló ti Abẹ́òkúta wá, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì dá lé. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan pe àwọn tó ń ṣojú fún jọ, ó sì sọ fún wọn pé ohun méjì ló ń ká òun lára jù: bí ará ìlú kì í ṣe rí ìtọ́jú gbà nítòsí ilé, àti bí àwọn ọ̀dọ́ kò ṣe rí iṣẹ́ ṣe. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ohun tó sọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Gúúsù Abẹ́òkúta, béèrè pé: Ọnọ́rébù wa ní kí a lọ jíròrò, kí a sì mú ọ̀kan wá nínú méjì: ṣé kí òun jà fún ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù wa, tí kì í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tàbí kí òun jà fún iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Àwa àgbà fẹ́ ilé ìwòsàn, àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń di ìjà. Kí ni ẹ rí sí i? Nínú méjèèjì, èwo gan-an ló wà níkàáwọ́ rẹ̀?

Èsì: Bàbá wa, ẹ kú akitiyan àdúgbò. Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí méjì fún yín. Ilé ìwòsàn tí kì í sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ lálẹ́, àyè iṣẹ́ tí wọn kò gba ẹnikẹ́ni sí ni. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìlera alábọ́dé là sílẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́dé tó kájú ìwọ̀n ní wọ́ọ̀dù yẹ kó ní nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí 4, òṣìṣẹ́ ìlera ìlú tí a mọ̀ sí CHEW 3, àti àwọn tó kéré sí wọn lóyè 6, láìtíì ka ẹni tó ń fúnni lóògùn, ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹni tó ń tọ́jú káàdì aláìsàn, ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀. Ẹ lọ ka iye àwọn tó wà ní tiyín. Iye tó bá dín ni iye ọmọ àdúgbò tó kàwé rẹ̀ tó lè máa gba owó oṣù, láìjẹ́ pé oníléeṣẹ́ kankan wá láti òkèèrè.

Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 pàápàá kò ya méjèèjì nípa. Abala 17 ló ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní àǹfààní láti rí iṣẹ́ tó yẹ wọ́n ṣe, ibẹ̀ náà ló sì ti ní kí ètò ìlera tó péye wà fún gbogbo ènìyàn. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé abala 6 òfin kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí pe ìjọba lẹ́jọ́. Nígbà tí ọ̀nà ilé ẹjọ́ ti dí, ẹni tí ẹ dìbò fún ló kù tí ẹ lè di mú, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó máa bi yín pé èwo ni ẹ fẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bá yín ra ọjà bọ̀ láti Kútọ̀.

Ní ti ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ọ̀kan ni nínú aṣòfin 26 tó ń jókòó ní Òkè-Mosàn. Kò lè fi àṣẹ ara rẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn, kò lè gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́, kò sì ní àpò ìjọba kankan lọ́wọ́. Bí ó bá ṣèlérí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, yálà yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe é tàbí kò ní ṣe é rárá. Ohun tí gómìnà kò lè ṣe láìsí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ètò ìṣúná. Abala 121 ló ní kí gómìnà gbé ìwé rẹ̀ wá síwájú ilé kí ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀, abala 128 àti 129 ló sì fún ilé lágbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó náà, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe kọ́míṣọ́nnà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba èyíkéyìí pé kó wá ṣàlàyé tòun ti ìwé lọ́wọ́.

Nínú ètò ìṣúná yìí, ẹ̀yà méjì ni owó ìlera pín sí. Ti iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, tí wọ́n fi ń ra bẹ́ẹ̀dì. Ti ìnáwó ojoojúmọ́ ni owó oṣù, oògùn àti epo jẹnẹrétọ̀ ti ń jáde. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ ni àwọn olóṣèlú fẹ́ràn, nítorí pé ìlù àti fọ́tò wà níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí ilé tuntun, kò sì sẹ́ni tó ń lu ìlù nítorí pé owó agbẹ̀bí wọlé lásìkò. Bẹ́ẹ̀ ilé kọ́ ló wọ́n wa ní Abẹ́òkúta. Ilé ìwòsàn Sacred Heart ti wà ní Lantoro láti ọdún 1895 tí Fadá Coquard ti dá a sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè. Federal Medical Centre ti wà ní Ìdí-Abà láti ọdún 1993. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Arò, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ṣiṣẹ́, ti gbayì kárí ayé. Nínú ìlú tó ní gbogbo ìwọ̀nyí ni aboyún ṣì ti ń gun ọ̀kadà lóru gba Sápọ́n kọjá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, fún ọmọ tí agbẹ̀bí wọ́ọ̀dù ìbá gbà, tí ìyá ọlọ́mọ sì ń tò láti àfẹ̀mọ́júmọ́ nítorí ibà lásán.

Nítorí náà, ẹ bi í ní ohun tó lè dáhùn. Ìdá mélòó nínú 100 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlera nínú ètò ìṣúná ọdún yìí? Ìdá 15 ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò lé lórí ní Àbújá lóṣù kẹrin ọdún 2001. Èló ló sì ti jáde nínú rẹ̀? Ìbéèrè kejì yìí ni mo dì mú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé owó tó wà nínú ìwé tí kò kúrò nínú àpò kò lè san owó oṣù ẹnikẹ́ni, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ilé aṣòfin lórí ìlera ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa tọpa rẹ̀. Kí ẹ tún pe alága ìjọba ìbílẹ̀ àti káńsẹ́lọ̀ sí ìpàdé tó ń bọ̀. Àfikún Kẹrin Òfin Ìpìlẹ̀ ka ìpèsè ìlera mọ́ iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bá ìpínlẹ̀ pín ṣe, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá jókòó pọ̀ lójú yín, ọnọ́rébù yóò ní iṣẹ́ ìbílẹ̀ ni, alága yóò ní iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni, ilẹ̀ yóò sì tún ṣú.

Agbẹ̀bí kan, Asẹ́rò, béèrè pé: Mo ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ni mo sì wà báyìí, níbi tí owó oṣù mi kò ti tó iye tí òfin là sílẹ̀. Ẹnìkan ní bí mo bá lè rí nǹkan fún ọmọ ẹ̀yìn ọnọ́rébù, wọn yóò bá mi gba lẹ́tà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì máa wọ iṣẹ́ ìjọba. Ṣé òótọ́ ni?

Èsì: Ọmọ wa, má san kọ́bọ̀. Abala 202 Òfin Ìpìlẹ̀ ní àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni nígbà tó bá ń gbani síṣẹ́, nítorí náà lẹ́tà ọnọ́rébù kò ní agbára kankan lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ̀ pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ibi tó ti ń dùn mí nìyí: aṣòfin tó bá ti gba àyè iṣẹ́ márùn-ún lọ́wọ́ kọ́míṣọ́nnà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ní lẹ́nu mọ́ láti bi kọ́míṣọ́nnà náà pé kí ló dé tí àyè igba ṣì ṣófo. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá lẹ́tà ni ẹ ń pa á lẹ́nu mọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sì ń kó ẹrù lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti owó oṣù, ₦70,000 ni owó tó kéré jù lọ láti ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni kékeré ló sì bọ́ sábẹ́ ìyọsílẹ̀ yìí. Ẹ gba inú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí yín kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ìlera ní àkókò tí wọ́n bá ń jíròrò ètò ìṣúná, kí ẹ sì kọ iye àyè tó ṣófo ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tí ẹ mọ̀ sínú rẹ̀. Ìwé tó ní iye nínú ṣòro láti sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọlọ́kadà kan, Lafẹ́nwá, béèrè pé: Mo gbé ẹni tí mọ́tò kọlù lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní àfi kí a kọ́kọ́ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ṣé ọnọ́rébù lè ṣe òfin tí yóò fi òpin sí èyí?

Èsì: Òfin ti wà. Abala 20 Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó bá dé ní pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Owó ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Kí ọnọ́rébù béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti fi ìyà yìí jẹ ẹnikẹ́ni ní ìpínlẹ̀ yìí. Ìyẹn wúlò ju òfin tuntun lọ.

Aláàdìrẹ kan, Ìtòkú, béèrè pé: Ọnọ́rébù ní òun yóò san owó àdójútòfò ìlera fún àwa kan nínú ọjà, wọ́n wá ń béèrè káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́ wa. Ó tún ní adìrẹ ni yóò pèsè iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ló gba àtẹ mọ́ wa lọ́wọ́.

Èsì: Ìyá wa, àdójútòfò ìlera kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù lóṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé orílẹ̀-èdè yìí, ó sì dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, àwọn aboyún, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àjọ àdójútòfò tirẹ̀, ẹ sì lè mú nọ́ńbà NIN yín lọ sọ́dọ̀ wọn fúnra yín. Bí ọnọ́rébù bá san án fún yín, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni. Bí àsìkò rẹ̀ bá parí tí kò sì san òmíràn, ọwọ́ òfo ni ẹ óò bá délé ìwòsàn. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni pé kó wo inú ètò ìṣúná bóyá owó tó yẹ kí ìpínlẹ̀ san fún àwọn aláìní wà níbẹ̀, kó sì béèrè bóyá ó jáde.

Ẹ̀yin aláàdìrẹ gan-an nílò rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Kọ́sítíìkì sódà tí ẹ ń pò mọ́ aró ń jó ọwọ́, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró, bẹ́ẹ̀ mo rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kì í wọ ìbọ̀wọ́. Iṣẹ́ tí ọnọ́rébù ń pè ní ìrètí ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ ní ìtọ́jú ìlera nínú.

Ní ti aṣọ Ṣáínà, kò sí lágbára rẹ̀ láti dí ẹnubodè, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ọjà òkèèrè àti owó ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ń ra aṣọ. Bí ilé aṣòfin bá fi í sínú òfin pé adìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ nílẹ̀ yìí ni kí ìjọba máa rà fún ohun tó bá jẹ mọ́ aṣọ, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Àgbẹ̀ kan, Ọ̀dẹ̀dá, béèrè pé: Àwọn tó ń fọ́ òkúta ní abúlé wa ń kó òṣìṣẹ́ wá láti ibòmíràn, eruku ń bò wá, àwọn ọmọ ń wúkọ́. Ọnọ́rébù ní òun kò lè ṣe nǹkan kan, pé ìjọba àpapọ̀ ló ń fún wọn níwèé àṣẹ.

Èsì: Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì, ìyẹn kò sì ní kí aṣòfin dákẹ́. Abala 116 Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 ní ẹni tó bá fẹ́ fọ́ òkúta gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ara ohun tó sì yẹ kó wà nínú àdéhùn náà ni iṣẹ́ àti ìkọ́ṣẹ́ fún ọmọ ibẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àti ìrànlọ́wọ́ fún ètò ìlera, ọ̀nà àti omi. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un yẹ̀ wò.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn díẹ̀ nínú àwọn àgbà abúlé á buwọ́ lu ìwé, wọn á gba àpò ìrẹsì, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ìwé náà mọ́. Nítorí náà, ẹ lọ bá baálẹ̀ àti iléeṣẹ́ náà, kí ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí iṣẹ́ àti ìlera, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ rí. Bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ohun àlùmọ́ọ́nì ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọnọ́rébù, kí ẹ sì ní kí ó kà á síta nílé aṣòfin, níbi tí àwọn akọ̀wé ilé yóò ti kọ ọ́ sílẹ̀.