Nọ́ńbà méje péré: ṣé àròpín ni kí n lò, àbí agbedeméjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ iye ìṣẹ́jú tí aláìsàn méje fi dúró kí wọ́n tó rí dókítà sílẹ̀: 12, 14, 15, 15, 17, 18 àti 91. Àròpín wọn (àpapọ̀ wọn tí a pín sí méje) jẹ́ 26, agbedeméjì (èyí tó wà láàárín tí a bá tò wọ́n) sì jẹ́ 15. Wọ́n ní tí nọ́ńbà ò bá ti pọ̀, irọ́ ni àròpín máa ń pa, pé agbedeméjì nìkan ni kí n kọ. Ṣé kí n yọ 91 yẹn kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ padà sídìí ìwé tí ẹ ti rí i. Bóyá 19 lẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kọ, tó wá gbé e sódì. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe: àròpín á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 15.7, agbedeméjì ò ní kúrò lórí 15. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni aláìsàn kan jókòó fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 31, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò lè pa á rẹ́ torí pé kò bá àwọn yòókù mu.

Ọ̀rọ̀ "agbedeméjì nìkan" yìí ti sú mi, torí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bi mí. Pé nọ́ńbà ò pọ̀ kọ́ ló ń ba àròpín jẹ́. Èyí tó fò jìnnà sáwọn yòókù ló ń fà á lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí pé a ro gbogbo wọn pọ̀ ká tó pín in. Agbedeméjì ò ka ìyẹn sí. Ẹni tó wà láàárín lẹ́yìn tí a bá tò wọ́n láti kékeré sí ńlá ló ń wò. Òun náà sì léwu tí nọ́ńbà ò bá pọ̀. Ẹ wo 3, 4, 5, 11, 12. Agbedeméjì jẹ́ 5, àròpín jẹ́ 7. Ẹ wá fi 11 kan kún un. Nọ́ńbà ti di mẹ́fà, méjì ló wà láàárín báyìí, 5 àti 11, a ó sì pín àpapọ̀ wọn sí méjì: agbedeméjì fò sórí 8 lójijì, níbi tí kò sí nọ́ńbà kankan nítòsí! Àròpín kàn sún díẹ̀ ni, láti 7 sí nǹkan bí 7.7. Ṣé èyí tó ń fò báyìí lẹ fẹ́ fọkàn tán láìbéèrè?

Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ló yẹ kó pinnu. Tó bá jẹ́ bí aláìsàn kan ṣe sábà máa ń dúró pẹ́ tó, 15 dáa. Tó bá jẹ́ gbogbo àkókò tí wọ́n fi jókòó, àròpín ni: 26 lọ́nà 7 jẹ́ 182, bó ṣe wà gan-an. 15 lọ́nà 7 jẹ́ 105 péré. Ìṣẹ́jú 77 ti sọnù.

Èmi ò rí ìwé yín, nítorí náà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìròyìn yìí pín owó tàbí òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ìṣirò kan tó lè rí i yẹ̀ ẹ́ wò. Ní tèmi, méje péré ni wọ́n: ẹ kọ méjèèje sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí wọn, kí ẹ kọ 26 àti 15 sábẹ́ wọn, kí ẹ sì sọ ohun tó dá aláìsàn ìṣẹ́jú 91 yẹn dúró.