Èsì fún ẹni tó béèrè ohun tí ẹ̀ka wọn lè ṣe fún ọ̀sà Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀ka yín ní yunifásítì fẹ́ ran ọ̀sà Èkó lọ́wọ́, ẹ sì ń béèrè irinṣẹ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ rà. Orí ọ̀sà yìí ni mo ti ṣe iṣẹ́ oyè kejì mi, ojú mi rí màbo.

Ẹ fi irinṣẹ́ sílẹ̀ ná, lẹ́tà àṣẹ ni kí ẹ wá. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ló ní mi ò gbọdọ̀ bu omi láìgbàṣẹ. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní ọ̀gá ò sí ní ìjókòó. Mo padà lọ, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì. Mo kọ òmíràn, wọ́n ní kí n lọ mú èyí tí ẹ̀ka mi fọwọ́ sí wá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wà níwájú wọn. Kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, òjò ti dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi òkun ń gba ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ sí Àpápá wọlé, tí ọ̀sà á fi níyọ̀. Bí òjò bá ti dé, omi odò Ògùn á lé iyọ̀ náà jáde. Ẹja, akàn, edé, iyọ̀ yẹn ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Lẹ́tà tó sùn lórí tábìlì wọn, ọdún kan gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́.

Torí náà, ẹ gba àṣẹ lórúkọ yunifásítì, kó má jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ kan. Kí ẹ máa wọn omi lójú ibi kan náà lóṣooṣù, kí ẹni tó ń jáde fa ìwé lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́. Ewéko hyacinth tó ń léfòó, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, tó wọ omi Badagry ní 1984, iyọ̀ ló ń pa á. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ iyọ̀ lè sọ fún apẹja ìgbà tí ọ̀nà á là fún ọkọ̀ wọn.

Ẹ má wọ Makoko, àdúgbò àwọn apẹja tó wà lórí ọ̀sà, láìmú ẹni tó gbọ́ èdè Ègùn dání. Ìyá kan tó ń yan ẹja bi mí pé èsì omi tí àwọn tó ṣáájú mi bù dà. Ẹ mú èsì padà fún wọn, ẹ fẹnu sọ ọ́. Ẹ má sì fa igi tí wọ́n rì sínú ọ̀sà. Ibẹ̀ lẹja ń sá sí, oko wọn ni.

Kí ẹ tó bá àwọn onípákó etí ọ̀sà jà lórí lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jẹrà, tó ń gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹja, ẹ tọ gọ́tà ilé-ẹ̀kọ́ yín dé etí omi ná, kí ẹ wo ohun tó ń ṣàn jáde.

Ti irinṣẹ́: èyí tó ń wọn iyọ̀, ìgbóná àti afẹ́fẹ́ inú omi ti tó. Bí ẹ bá ń fi ìgò bu omi láti wọn afẹ́fẹ́, abẹ́ omi ni kí ẹ ti dé e. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ dà á nù, kí ẹ bu òmíràn.