Ẹ Bi Màmá: Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Cowboy?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó di olóògbé fi àpótí ìwé ìtàn cowboy kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo kó díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí Houston tí mò ń gbé, alaalẹ́ ni mo sì ń kà á. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń rú mi lójú: buckaroo, hoosegow, maverick, dogie, "riding drag". Ọkọ mi ní àwọn òǹkọ̀wé ló hùmọ̀ wọn. Ṣé àwọn cowboy sọ ọ́ rí lóòótọ́? (Ọmọ Ìbàdàn, Houston)

ÈSÌ: Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún un pé àwọn òǹkọ̀wé kọ́. Ẹnu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Texas tí o wà yẹn, abẹ́ Mẹ́síkò ló wà títí di 1836. Kí àwọn òyìnbó tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó rọ́ débẹ̀ ni àwọn vaquero, darandaran ilẹ̀ Mẹ́síkò, ti ń gun ẹṣin da màlúù. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó dé lẹ́yìn ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ iṣẹ́. La reata, okùn tí wọ́n fi ń mú màlúù, di lariat. Mesteño, ẹran tó ń jẹ̀ kiri láìní olówó, di mustang, ẹṣin ìgbẹ́. Ní èdè Sípéènì, v máa ń dún bíi b, ni vaquero bá di buckaroo. Àwọn onímọ̀ èdè kan ní ọ̀rọ̀ Ẹ́fíìkì ni, pé mbakara, ìyẹn òyìnbó, ni àwọn ẹrú gbé kọjá òkun. Ì bá wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò gbà á: California àti Nevada ni buckaroo ti gbilẹ̀, ibi tí ọwọ́ vaquero ti hàn jù lára iṣẹ́ náà.

Hoosegow náà, juzgado ni, ilé ẹjọ́. Àwọn ará Mẹ́síkò kì í sábà pe d inú rẹ̀, j sì ń dún bíi h. Àwọn òyìnbó bá gbé orúkọ kóòtù fún àtìmọ́lé.

Riding drag ni kí o fara balẹ̀ gbọ́. Láti 1867 ni wọ́n ti ń da màlúù láti Texas lọ sí Abilene ní Kansas, kí ọkọ̀ ojú irin lè kó wọn lọ sọ́jà. Ọ̀wọ́ kan lè tó 2,500, kí darandaran má ju bíi méjìlá lọ, wọ́n á sì rìn fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Àwọn ọ̀gbóǹtarìgì méjì ló ń ṣáájú. Ẹni tí iṣẹ́ ò tíì mọ́ lára, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń tì í sí. Drag nìyẹn. Gbogbo eruku tí pátákò màlúù bá tú sókè, òun ló ń fà á símú. Á fi áńkáṣíìfù di imú àti ẹnu, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, eruku á ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀, á máa wúkọ́. Ẹ̀yìn yìí náà ni màlúù tó yarọ àti dogie, ọmọ màlúù tí kò níyàá, máa ń wà. Tí o bá kà á pé wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí drag, má fò ó. Ipò rẹ̀ láàárín wọn ni òǹkọ̀wé ń fi hàn ọ́.

Maverick, orúkọ èèyàn ni: Samuel Maverick, lọ́yà ní San Antonio. Wọ́n fi nǹkan bíi 400 màlúù san gbèsè fún un, ó sì fi ìdílé ẹrú rẹ̀ kan tì wọ́n. Wọn kì í fi irin gbígbóná jó àmì sára ọ̀pọ̀ ọmọ tí màlúù náà ń bí. Bí aráàlú bá wá rí ẹran tí kò lámì, wọ́n á ní ti Maverick nìyẹn.

Orúkọ olówó wọ inú èdè, àwọn tó ń ṣọ́ ẹran ò sí níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyí nínú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀, tí gbogbo akọni inú wọn jẹ́ òyìnbó. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nínú cowboy mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nat Love, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Tennessee ní 1854, kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní 1907. Wá a rà, kí o fi kún àpótí bàbá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ Màmá. Nínú ìwé kan, ọkùnrin kan kọ G.T.T. sára ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó sá lọ. Kí ló fi ń sọ? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́)

ÈSÌ: Gone to Texas ni, pé onílé ti lọ sí Texas. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1819, gbèsè wọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́rùn. Olówó tó bá wá sin owó, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ló máa bá. Kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i, torí òfin Amẹ́ríkà ò tíì dé Texas nígbà náà.