Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè Ohun Tó Wà Nídìí Ọsàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ó di ọdún 14 tí mo ti gbin ọsàn sí oko bàbá mi lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ewé òkè wọn ti ń pọ́n, tí orí ẹ̀ka ń gbẹ, tí èso sì ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ n kò dá ajílẹ̀ dúró. Mo gé mẹ́fà, mo tún òmíràn gbìn sójú ihò kan náà, àwọn yẹn náà kò dàgbà. Irú ọsàn dídùn wo ni mo lè rà tí aràn ilẹ̀ kò ní rí gbé ṣe? (Àgbẹ̀ ọlọ́sàn, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìrọ́jú, nítorí ọsàn tí a ti tọ́jú fún ọdún 14 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gé kí ó má dùn ún.

Kí ẹ tó náwó, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi tó ń ṣàìsàn, kí ẹ fa gbòǹgbò wẹ́wẹ́ rẹ̀ yọ, kí ẹ sì ṣàn án nínú abọ́ omi. Bí ó bá mọ́ tónítóní, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, tí iyẹ̀pẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn tí omi kò sì ṣí i, ẹ fura sí aràn ọsàn, ọ̀kan nínú àwọn aràn tíntìntín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nẹ́mátóòdù. Abo rẹ̀ a ki orí bọ inú gbòǹgbò, a fi ìdí sílẹ̀ síta, a sì yé ẹyin sínú ohun kan tó ń fà bí ilá. Ohun fífà yìí ni iyẹ̀pẹ̀ ń lẹ̀ mọ́.

Dídùn ọsàn kò kan aràn yìí rárá. Igi méjì ló wà nínú ọsàn tí a ń rà ní nọ́sìrì: òkè ni èyí tí a ó jẹ, ìsàlẹ̀ sì ni igi mìíràn tí wọ́n fi ojú ọsàn náà sí lára, òun ló ni gbòǹgbò. Lẹ́mọ́ọ̀nù tí èèpo rẹ̀ rí kángunkàngun ni ọ̀pọ̀ nọ́sìrì wa fi ń ṣe ìsàlẹ̀. N kò bá wọn wí, nítorí ó ń yára dàgbà, ó sì ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ oníyanrìn, àmọ́ aràn ọsàn ń bá a jà gan-an. Ọsàn kíkan àti tánjarínnì Cleopatra kò sàn jù ú lọ lórí èyí.

Èyí tó ń kọ̀ fún aràn náà ni ọsàn eléwé mẹ́ta ti ilẹ̀ Ṣáínà, Poncirus trifoliata, àti púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Swingle, èyí tí Walter Swingle, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà, mú jáde láti ara ọsàn eléwé mẹ́ta yìí àti gerepu ní Florida ní 1907, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 1974. Ó tún ń dènà àrùn tó ń mú ìdí ọsàn jẹrà. Síbẹ̀, kò fẹ́ ilẹ̀ amọ̀ tàbí ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yà aràn ọsàn kan sì wà tó lè borí ọsàn eléwé mẹ́ta pàápàá.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí èso àti ewébẹ̀, ní Ìdí-Iṣin, Ìbàdàn, bóyá wọ́n ní ọsàn tó ní irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti rà á, bí ẹ̀ka bá yọ nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n fi ojú ọsàn sí, ẹ wo ewé rẹ̀: ti Swingle máa ń jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Ẹ tún bèèrè ibi tí wọ́n ti kó erùpẹ̀ inú ọ̀rá. Bí abẹ́ ọsàn àtijọ́ bá ni, ẹ má rà á, aràn ni ẹ ń gbé lọ sílé yẹn.

Ní ti àwọn ihò àtijọ́ yẹn, ẹ wú gbòǹgbò tó kù nínú wọn dànù, kí ẹ sì fi àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ dá oko ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí aràn ọsàn kì í jẹ wọ́n. Apá ibi tí ọsàn kò tíì hù rí ni kí ẹ gbin tuntun sí, kí ẹ sì fọ ọkọ́ yín kí ẹ tó gbé e débẹ̀.